Kúbùsù orí bátìrì: àkọsílẹ̀ ọkọ̀ háíbírìdì kan nígbà ọ̀gìnìntìn

Aago mẹ́fà ìdájí ò tíì lù tí fóònù mi fi dún. Màmá nọ́ọ̀sì ni, oníbàárà mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí iṣẹ́ wọn kì í gbọ́ àwáwí.

"Ọmọ mi, ohun tí mo ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀. Bátìrì ńlá yẹn ti dì. Mo tẹ bọ́tìnnì títí, kò dá mi lóhùn."

Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Kí lẹ rí lójú dáṣíbọ̀ọ̀dù?"

Wọ́n ní iná kéékèèké kàn ń ṣẹ́jú ni, nǹkan kan dún ká-ká-ká bí ẹni ń ta ìka, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Lóde lọ́jọ́ náà, dìgírì 19 sí ìsàlẹ̀ òdo ni. Mo wọ kóòtù, mo gbé mítà mi, mo lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà lára ọkọ̀ yìí lẹ́yìn àárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo ń kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun táwọn ènìyàn ń ṣe kí òtútù má bàa mú bátìrì háíbírìdì wọn, bátìrì tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Háíbírìdì ni, ọkọ̀ tó ń fi epo àti iná bátìrì rìn, irú èyí tí a kì í so mọ́ iná ilé: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti bréèkì rẹ̀ ló ń ṣáàjì bátìrì ńlá. Nickel-metal hydride ni bátìrì ńlá ọ̀hún, irú èyí tó ti wà lójú títì láti 1997 tí Toyota ti gbé Prius jáde ní Japan. Ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn ló wà. Sẹ́ẹ̀lì 168 ló so kọ́ra nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólíìtì 1.2, àpapọ̀ wọn jẹ́ 201.6. Bátìrì kejì wà ní ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀tù lábẹ́ ike, fólíìtì 12 lásán, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òun lẹnikẹ́ni kì í rántí. Bátìrì ńlá ló ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó dáná, ọkọ̀ náà kò ní sítátà bíi ti ọkọ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n rìléè, ìyẹn súwíìṣì tí iná ń ṣí tó sì ń pa, ló há bátìrì ńlá mọ́, kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún rìléè yẹn, lọ́wọ́ bátìrì 12 ló ti ń jẹun. Bátìrì ńlá ni ọlọ́rọ̀ inú ilé, ọwọ́ èyí kékeré ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo ki mítà bọ bátìrì kékeré: 11.3. Bátìrì 12 tí ara rẹ̀ le, tó sì ti sinmi, yẹ kó wà ní 12.6 tàbí kó lé díẹ̀. Ká-ká-ká tí Màmá gbọ́, rìléè ló fẹ́ gbá mọ́ra tí agbára ò gbé e. Mo fi wáyà jọ́ńpù láti ara bátìrì tí mo gbé wá sí ojú ibi tí wọ́n ṣe fún un lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì. READY, àmì pé ọkọ̀ ti ṣetán, yọ lójú dáṣíbọ̀ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì sì dáná láìjanpata.

Màmá wò mí. "Kò dì?"

"Kò dì, Màmá. Òtútù mú un ni. Ó yàtọ̀ síra."

Mo so ẹ̀rọ tí mo fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ́ ojú OBD lábẹ́ sítíárì. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ló ń wọn ooru bátìrì ńlá: -13, -12, -14. Ṣáàjì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sì máa ń fẹ́ kó wà nìyẹn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo àwọn ìdì bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlá ni, gbogbo wọn sì sún mọ́ra, ìyàtọ̀ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò ju fólíìtì 0.2 lọ. Kò sí èyí tí inú ń run níbẹ̀.

Omi inú bátìrì ńlá yẹn, potassium hydroxide ni wọ́n pò mọ́ omi. Bó bá jẹ́ nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í dì títí òtútù yóò fi kọjá -50°C. Ti bátìrì 12 tó jẹ́ olójé àti ásíìdì ni ká bẹ̀rù. Bí ṣáàjì rẹ̀ bá kún, kò ní dì títí di nǹkan bí -60°C. Bí ṣáàjì rẹ̀ bá tán, omi ló kù sínú rẹ̀ jù, nǹkan bí -7°C ti tó láti sọ ọ́ di yìnyín, á sì fọ́ ara rẹ̀. Ti Màmá ò tíì fọ́, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méje.

Ìgbà tí mo ṣí bọ́ọ̀tù láti yọ bátìrì kékeré ni mo rí kúbùsù.

Kúbùsù onírun ni, aláwọ̀ eérú, wọ́n ká a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àga ẹ̀yìn àti àpótí bátìrì ńlá. Ìṣẹ́tí rẹ̀ kan wọ́ dé ojú ihò atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó bò ó mọ́lẹ̀. Màmá ní ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló kọ́ wọn. "Ṣebí bí òtútù bá mú ọmọ, a máa ń da nǹkan bò ó?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ wọn lọ́gbọ́n nínú. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ló ń mú ooru wá, kúbùsù kàn ń dì í mú kó má sá lọ ni. Ọkọ̀ tó ti pa láti alẹ́, kò sí ooru kankan tó ń jáde lára rẹ̀. Ẹ da kúbùsù mẹ́wàá bo òkúta, òkúta lẹ máa bá lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀.

Ihò atẹ́gùn yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ibẹ̀ ni bátìrì ńlá ti ń mí. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, fáànù kan á fa atẹ́gùn inú ọkọ̀ gba ibẹ̀ wọlé láti tù ú. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná ńlá, mo yọ púlọ́ọ̀gì ọsàn tó ń já bátìrì náà kúrò lára ọkọ̀, mo jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó sá pamọ́ sínú àwọn kàpásítọ̀ lè tán, kí n tó tú ike fáànù. Irun kúbùsù ti wé mọ́ abẹ fáànù náà bí òwú tó wé mọ́ kẹ̀kẹ́ ìrànwú. Mo fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ tuuru, ó tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé. Nígbà òtútù, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Bí ooru bá dé tí fáànù fẹ́ ṣiṣẹ́ tí kò lè yí, bátìrì tí kúbùsù fẹ́ gbà là ni yóò sè mọ́ inú àpótí.

A ra bátìrì 12 tuntun lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ní ẹjọ́ kejì: epo. Nígbà tí ojú ọjọ́ dára, lítà 5 ní 100 kílómítà ni ọkọ̀ yìí ń mu. Láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, ó ti di 7.6. "Bí kì í bá ṣe bátìrì ńlá ló ń kú lọ, kí ni?" Wọ́n fẹ́ kí n fi kúbùsù náà sílẹ̀, kí n kàn gé etí rẹ̀ kó má bo ihò mọ́.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Kí àwa méjèèjì má máa jiyàn lórí ohun tí sẹ́ńsọ̀ lè sọ.

Òru méjì tí òtútù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba la lò, méjèèjì jẹ́ nǹkan bí -16°C. Lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo wa ọkọ̀ náà títí ooru bátìrì ńlá fi dé +6, mo gbé e síta ní aago mẹ́jọ. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí kò sí kúbùsù, ó ti wà ní -11. Ní àárọ̀ tí kúbùsù wà, tí mo tẹ́ ẹ dáadáa tí kò bo ihò, ó wà ní -9. Dìgírì méjì péré. Lóòótọ́ kúbùsù ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí dìgírì méjì yẹn yí padà nínú bí ọkọ̀ ṣe rìn láàárọ̀.

Ní òru kẹta, mo gbé e sínú gáréèjì tí kò ní híítà kankan. Òtútù ìta kan náà, inú gáréèjì jẹ́ -3. Bátìrì jí ní -1. Ògiri mẹ́rin àti òrùlé ṣe ohun tí kúbùsù ò lè ṣe, torí wọ́n dáàbò bo gbogbo ọkọ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, irin rẹ̀, táyà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bátìrì 12 rẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwọ̀n yìí, ìrìn àjò Màmá ló fi hàn mí. Ilé sí ibi iṣẹ́ wọn jẹ́ kílómítà 4. Mo jókòó tì wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ lórí itan mi. A gbéra, bátìrì ńlá wà ní -12. A débẹ̀, ó wà ní -10. Híítà ọkọ̀ ti ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí wa lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ inú bátìrì, torí fáànù tó yẹ kó fà á wọlé kì í yí nígbà tí bátìrì bá tutù. Ìgbà tó bá gbóná nìkan ló ń yí. Nítorí náà ẹni tó ń rò pé híítà inú ọkọ̀ ló ń mú bátìrì gbóná, díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ òótọ́.

Inú bátìrì fúnra rẹ̀ ni ooru rẹ̀ ti ń wá. Bí iná bá ń wọlé tó ń jáde lára rẹ̀, ó ń bá ìdíwọ́ pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì, ìdíwọ́ yẹn ló ń di ooru. Ká ní bátìrì náà wúwo tó 40 kg. Láti gbé e láti -14 dé +6, ooru tó tó nǹkan bí 800 kìlójúùlù ló ń fẹ́. Bí iṣẹ́ tó ń ṣe bá ń fún un ní 300 wáàtì ooru, tí kò sì sí ìkankan tó sá lọ, ìṣẹ́jú 45 nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni Màmá ń lò dé ibi iṣẹ́. Ohun tó tún mú un le ni pé bí bátìrì bá tutù, kọ̀ǹpútà á dín iná tó ń wọlé tó ń jáde kù láti dáàbò bò ó. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo rí i tí kọ̀ǹpútà gbà kí bátìrì yọ iná tó kìlówáàtì 21. Láàárọ̀ -14 yẹn, 8 ló gbà. Bréèkì pàápàá ò lè dá iná padà sínú rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ló ń mú un gbóná, òtútù ò sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń rin kílómítà 4 lọ, kílómítà 4 bọ̀, á wà nínú òtútù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ yìnyín títí dé òpin rẹ̀. Bátìrì 12 náà kò ráyè gba ṣáàjì tó tó. Bó ṣe di 11.3 nìyẹn.

Ti epo wá ńkọ́? Mo wo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń pa àti ìgbà tó ń dáná. Láàárọ̀ tó tutù, kò pa rárá títí a fi dé ibi iṣẹ́. Kì í sì í ṣe bátìrì ló ní kó má pa. Omi ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, Màmá sì ti tẹ híítà dé òpin. Omi ẹ́ńjìnnì yẹn ni híítà ń jẹ, torí náà kọ̀ǹpútà ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi. Epo tí bátìrì tútù ń jẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì tútù ń jẹ.

Ibẹ̀ ni mo wá kọjú sí. Mo fi híítà kékeré oníwáàtì 400 sí ara bílọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, irú èyí táwọn ará Kánádà àti àwọn ará Finland ti ń lò tipẹ́tipẹ́ fún ọkọ̀ gbogbo. Ó ní wáyà tí a ń so mọ́ iná ilé, aago kan sì ń tan án fúnra rẹ̀ ní wákàtí méjì kí Màmá tó jáde. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ra láti alẹ́ dé àárọ̀; iná ni wọ́n ń fi ṣòfò, torí lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, bí ooru ṣe ń wọlé ló ń jáde. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí a lò ó, omi ẹ́ńjìnnì ti wà ní +24 kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Híítà inú ọkọ̀ gbóná kí a tó já sí títì ńlá.

Lẹ́yìn náà mo fi fóòmù dí ihò ìsàlẹ̀ iwájú ọkọ̀, níbi tí atẹ́gùn ń gbà fẹ́ rádíétọ̀. Irú fóòmù gbọọrọ tí wọ́n ń fi bo páìpù omi ni, mo là á, mo fi há àárín àwọn ọ̀pá ike. Ti òkè ni mo fi sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tọ̀ lè rí atẹ́gùn tirẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò ní sùúrù fún ooru. Mo sì sọ fún Màmá pé lọ́jọ́ tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹ yọ fóòmù yẹn kẹ́ ẹ tó gbéra. Mo lẹ ìwé kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítíárì kí wọ́n má bàa gbàgbé.

Fún bátìrì 12, ṣájà kékeré tó ń fún un ní iná díẹ̀díẹ̀ la so mọ́ wáyà kan náà. Fún bátìrì ńlá, kò sí ohun tí mo so mọ́ ọn. Mo kàn ní kí Màmá máa wa ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n má fi ìwàǹwára tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí wọ́n máa tẹ bréèkì díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kí iná tó padà wọlé lè pọ̀. Bí ẹ bá sì ní ibi mẹ́ta láti lọ lọ́jọ́ kan, ẹ lọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà kí ara rẹ̀ tó tún tutù.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n bèèrè tí mo kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n bèèrè kúbùsù oníná, irú tí a ń tẹ́ sórí ibùsùn, bóyá a lè fi sórí àpótí bátìrì. Rárá. Fólíìtì tó lé ní 200 ló wà nínú àpótí yẹn, wáyà ọsàn ló kúnbẹ̀, ike sì ló yí i ká. Nǹkan tí wọn ò ṣe fún ibẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná níbẹ̀. Wọ́n bèèrè híítà kékeré tí a ń gbé sínú yàrá, bóyá a lè tàn án sínú ọkọ̀ mọ́jú. Rárá, iná lè sọ. Wọ́n wá bèèrè èyí tó já mi láyà jù: bóyá ọkọ̀ lè wà nínú gáréèjì, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì kí READY yọ, kí wọ́n máa múra nínú ilé nígbà tí ọkọ̀ ń gbóná.

Mo jókòó ti Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Háíbírìdì kì í pariwo. Ẹ lè rò pé ó ti pa, kó sì fúnra rẹ̀ dáná lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí pé híítà ń fẹ́ ooru. Èéfín carbon monoxide ò ní òórùn, kò láwọ̀, á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá yín níbi tẹ́ ẹ ti ń wọ bàtà." Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí carbon monoxide ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ jù mí lọ. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kò ní ṣẹlẹ̀.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wọn tó ń wa háíbírìdì tí a ń so mọ́ iná gbọ́ nípa wa, ó pè mí. Tirẹ̀ yàtọ̀, torí lithium-ion ni bátìrì rẹ̀. Bí a bá fi ipá ṣáàjì lithium-ion nígbà tí òtútù bá ti kọjá òdo, lithium lè di irin tó ń lẹ̀ mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kì í sì í tún padà. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà wọn fi máa ń dín ṣáàjì kù tàbí kó kọ̀ ọ́. Mo ní kó so ó mọ́ iná ní kété tó bá dé nírọ̀lẹ́, kí ara bátìrì tó tutù, kó sì lo ètò inú ọkọ̀ náà tó ń mú inú rẹ̀ gbóná kó tó gbéra, nígbà tó ṣì wà lára iná. Bí ó bá ti gbéra kó tó rántí, iná inú bátìrì ni ooru yẹn máa jẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a tún wo epo: 6.1. Kò padà sí 5, mi ò sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì ṣì gbọ́dọ̀ mú wọn gbóná nínú ọ̀gìnìntìn. Ní àárọ̀ tí mo lọ kà á gbẹ̀yìn, ìta jẹ́ -17. Bátìrì 12 wà ní 12.7. Bátìrì ńlá wà ní -8, kò sí ẹni tó da nǹkan kan bò ó. Ní oríta kejì tí iná pupa dá wa dúró, ẹ́ńjìnnì pa fúnra rẹ̀, ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n tún kúbùsù aláwọ̀ eérú náà ṣe lórí orúnkún wọn.